Àwọn Iná Bàìbàì Inú Agbo Ìràwọ̀

Rírí ọ̀tọ̀, mímọ̀ ọ̀tọ̀. Ẹni tí ó rí iná fìtílà lókèèrè lóru kò tíì mọ ẹni tí ó gbé e dání. Irú ìṣòro yìí ni ó bá àwọn onímọ̀ ìràwọ̀ fínra nípa àwọn agbo ìràwọ̀ rìbìtì, níbi tí ọ̀kẹ́ àìmọye ìràwọ̀ arúgbó ti ṣù jọ bí oyin inú afárá.

Afẹ́fẹ́ ayé kì í jẹ́ kí ìtànṣán èkísíréè ojú ọ̀run kàn wá lára, àfi kí a gbé awò kọjá rẹ̀. Ní oṣù Kejìlá ọdún 1970, àwọn ará Amẹ́ríkà fi sátẹ́láìtì kan ránṣẹ́ láti etíkun Kẹ́ńyà, ní àyájọ́ òmìnira ilẹ̀ náà. Wọ́n sọ ọ́ ní Uhuru, èyí tí í ṣe òmìnira ní èdè Swahili. Ó wà lára àwọn tí ó kọ́kọ́ fi hàn pé èkísíréè líle ń ti inú díẹ̀ nínú àwọn agbo wọ̀nyí jáde. Nígbà tí ó yá, ó hàn pé ìràwọ̀ nútírọ́ọ̀nù tí ń fa gáàsì lára ìràwọ̀ alábàárìn rẹ̀ ni ó ń ṣe é.

Ṣùgbọ́n ní ọdún 1983, Paul Hertz àti Jonathan Grindlay fi sátẹ́láìtì Einstein rí àwọn mìíràn tí ìtànṣán wọn kò tó nǹkan. Wọ́n dábàá pé aràrá funfun ni púpọ̀ nínú wọn, èyíinì ni òkú ìràwọ̀ tí òun náà ń jẹ lára alábàárìn. Àbá kì í ṣe ẹ̀rí. Ìràwọ̀ pọ̀ jù lójú kan náà, ojú Einstein kò sì mú tó láti tọ́ka sí ẹyọ kan.

Ẹ wo agbo 47 Tucanae. Ìmọ́lẹ̀ kan ṣoṣo ni Einstein rí níbẹ̀. ROSAT ti Jámánì rí márùn-ún ní ọkàn rẹ̀. Chandra, tí ó gòkè lọ ní ọdún 1999, rí 108, gẹ́gẹ́ bí ìròyìn ọdún 2001. Síbẹ̀ Chandra nìkan kò lè dájọ́. Awò Hubble wá ìràwọ̀ tí ó bá ibùdó ìtànṣán kọ̀ọ̀kan mu. Awò rédíò Parkes ní Ọsirélíà sì ti mọ ibi tí àwọn ìràwọ̀ nútírọ́ọ̀nù ayára-bí-àṣá wà. Ẹ̀rí wọn pa pọ̀ fi hàn pé àdàlù ni: aràrá funfun wà níbẹ̀, ìràwọ̀ nútírọ́ọ̀nù wà níbẹ̀, ìràwọ̀ lásán méjì-méjì pẹ̀lú sì wà. Àbá ọdún 1983 jóòótọ́, ṣùgbọ́n kò kárí.

Èrè wo ni ó wà níbẹ̀? Agbára inú àwọn ìràwọ̀ méjì-méjì tí ń yí ara wọn po ni kì í jẹ́ kí àárín agbo tètè wó lé ara rẹ̀. Agbo 47 Tucanae ti lo ju bílíọ̀nù 10 ọdún lọ. Ẹni tí yóò mọ ohun tí ó gbé e ró títí di òní, àfi kí ó ka àwọn òpó rẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ohun tí a fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́.