Àìlẹ́wà Nínú Ọ̀rọ̀ àti Nínú Ìtàn Yorùbá

Àwọn tí ó ti kọ̀wé lórí ẹwà láàrin Yorùbá kò kéré níye. Wọ́n ti kọ nípa eyín funfun, nípa ẹ̀jí, nípa ìbàdí àrán àti nípa awọ ara tí ń dán. Òdìkejì rẹ̀ ni a kì í sábà yẹ̀ wò: ọ̀rọ̀ wo ni àwọn baba wa ń lò nígbà tí ẹwà kò bá sí, ta ni wọ́n sì ń lò ó fún? Ìbéèrè yìí ju eré lọ. Ẹni tí ó bá mọ ohun tí àwùjọ kan pè ní àìlẹ́wà ti mọ ohun tí àwùjọ náà ń bu ọlá fún àti ibi tí ó fi ààlà ẹ̀gàn sí. Ààlà náà kò sì dúró sójú kan nínú ìtàn wa.

Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti inú èdè. Ọ̀rọ̀ tí ó kọ́kọ́ ń wá sí ẹnu ni òbùrẹ́wà. Ọ̀rọ̀ líle ni, síbẹ̀ ẹwà fúnra rẹ̀ wà nínú rẹ̀. A kò lè pe ènìyàn ní òbùrẹ́wà láìdárúkọ ẹwà. Bẹ́ẹ̀ náà ni àwọn yòókù: kò lẹ́wà, kò wuyì, kò fani mọ́ra, kò dùn ún wò, kò gún régé. Ohun rere ni gbogbo wọn kọ́kọ́ mú wá sí ìrántí kí wọ́n tó sọ pé kò sí níbẹ̀. Ìtumọ̀ wọn kò sì papọ̀. Ẹni tí kò lẹ́wà lè fani mọ́ra; ẹni tí ó lẹ́wà lè má níyì. "Kò gún régé" ń sọ nípa ìrísí àti ètò. "Kò fani mọ́ra" ń sọ nípa ohun tí ó wà láàrin ẹni tí a ń wò àti ẹni tí ń wò ó. Àgbà tí ó bá mọ èdè í lò kò ní fi ọ̀kan rọ́pò èkejì.

Ọ̀wọ́ kejì ni àwọn ọ̀rọ̀ àpèjúwe tí ìró wọn ń ya àwòrán: wúruwùru, jágbajàgba, wọ́gọwọ̀gọ, pálapàla, rádaràda. Ẹ pè wọ́n sókè, kí ẹ sì fetí sí ohùn wọn: ohùn òkè, ohùn àárín, ohùn ìsàlẹ̀, ohùn àárín. Ọ̀kan náà ni ìlànà ohùn wọn láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin ọ̀wọ́ náà. Ọ̀rọ̀ ń gòkè, ó ń sọ̀ kalẹ̀, kò rí ibì kan dúró sí, bí àkàbà tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò dọ́gba. Ẹ fi wọ́n wé gbọọrọ, tí ohùn rẹ̀ kò yẹ̀ rárá, tí a sì fi ń júwe ohun tí ó gùn tí ó sì tọ́. Láìsí àníàní, àìsí ètò ni etí Yorùbá gbọ́ bí àìdára. Ṣùgbọ́n kí a kíyè sí ohun tí a ń fi àwọn ọ̀rọ̀ wọ̀nyí júwe: irun, aṣọ, ìkọ̀wé, iṣẹ́ ọwọ́, ọ̀rọ̀ ẹnu. Irun jágbajàgba ṣeé dì. Aṣọ wúruwùru ṣeé ká. Iṣẹ́ pálapàla ṣeé tún ṣe. Ohun tí ọwọ́ ènìyàn lè tún ṣe ni wọ́n ń bá wí.

Ohun tí ọwọ́ ènìyàn kò lè tún ṣe, ọ̀nà mìíràn ni wọ́n gbà pè é. Irun Dàda ta kókó láti inú oyún wá, kò gba òòyà, síbẹ̀ a kò pè é ní jágbajàgba; orúkọ àmútọ̀runwá ni a fi dá a lọ́lá. Abuké, arọ àti àfín, ẹni òòṣà ni wọ́n, nítorí ìgbàgbọ́ àtijọ́ ni pé Ọbàtálá tí ó mọ ara gbogbo ènìyàn ni ó mọ tiwọn bẹ́ẹ̀. Ẹni tí ó bá fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́, amọ̀kòkò ni ó ń bá jà, kì í ṣe ìkòkò. N kò sọ pé kò sí ọmọ aráyé tí ó rú òfin yìí. Ohun tí mo ń sọ ni pé òfin náà wà, ó sì ya àbùkù ara sọ́tọ̀ kúrò lára àìlẹ́wà.

Ojú ènìyàn ni ìyípadà ìtàn ti hàn jù lọ. Samuel Johnson, tí ó parí ìwé ìtàn Yorùbá rẹ̀ ní 1897 ṣùgbọ́n tí a kò tẹ̀ ẹ́ jáde títí di 1921, to àwọn ilà ojú lẹ́sẹẹsẹ: àbàjà tí ó sùn sí ẹ̀rẹ̀kẹ́, pélé mẹ́ta tí ó dúró ṣánṣán, kẹ́kẹ́ tàbí gọ̀mbọ́ tí ó gba ẹ̀rẹ̀kẹ́ kan, àti àwọn mìíràn. Láti ìgbà tí Òyó-Ilé ti tú ní àwọn ọdún 1830 títí dé àdéhùn àlàáfíà Kírìjì ní 1886, ogun ń kó ènìyàn kúrò nílé. Ilà sì jẹ́ ẹlẹ́rìí fún ẹni tí a kó lọ. Nínú ìwé ìforúkọsílẹ̀ àwọn tí a gbà sílẹ̀ lọ́wọ́ ọkọ̀ akẹ́rú ní Freetown, a ń kọ àmì ara ènìyàn mọ́ orúkọ rẹ̀.

Nígbà náà, ojú tí kò ní ilà ni ó ní orúkọ pàtàkì: òbòró. A ń lo ọ̀rọ̀ yìí fún ohunkóhun tí ó wà lásán láìní ọnà. Kì í ṣe èébú tààrà, ṣùgbọ́n ó ń sọ pé iṣẹ́ ṣì kù lára ojú náà. Òwe sì fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀: títa ríro ni à ń kọ ilà, bí ó bá jinná tán, a di oge. Ẹ ṣàkíyèsí pé oge ni òwe wí. Ẹwà lè bá ènìyàn wáyé. Oge, ọwọ́ ni ó ń ṣe é.

Ní ọ̀rúndún ogún, nǹkan yí padà. Ogun ti dáwọ́ dúró. Ilé-ìwé, ìjọ àti ìlú ńlá kó ọmọ oríṣiríṣi ìran pọ̀. Ọ̀pọ̀ òbí sì fi abẹ olóòlà sílẹ̀. Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé tí ìjọba àpapọ̀ Nàìjíríà ṣe ní 2003 ka fífi àmì sí ọmọ lára léèwọ̀, àwọn ìpínlẹ̀ ilẹ̀ Yorùbá sì ṣe tiwọn ní àwọn ọdún tí ó tẹ̀ lé e. Mo gbà pé òfin náà tọ́. Oró abẹ kì í ṣe eré, a kò sì bi ọmọ ọwọ́ léèrè kí a tó kọ ọ́ nílà. Ṣùgbọ́n òfin tí ó gba abẹ lọ́wọ́ olóòlà kò ní kí a fi ahọ́n wa ṣe abẹ. Lónìí, òbòró ti di ojú gbogbo ayé, ẹni tí ó kọlà ni àwọn ọmọdé ń tọ́ka sí, òbùrẹ́wà sì ni wọ́n ń pè é. Àṣìlò ọ̀rọ̀ méjì ni ó wà níbẹ̀: wọ́n pe oge ìgbà kan ní àìlẹ́wà, wọ́n sì di ẹ̀bi iṣẹ́ ọwọ́ àwọn òbí ru ẹni tí a ṣe é sí lára.

Bákan náà ni ọ̀rọ̀ àwọ̀ ara. Adúmáadán jẹ́ oríyìn, apọ́nbéporẹ́ náà jẹ́ oríyìn. Èdè wa yin dúdú, ó yin pupa. Nísinsìnyí tí ìpara abóra ti gba orí àtẹ, a ń gbọ́ ọ lẹ́nu ènìyàn pé, "Ó dúdú, ṣùgbọ́n ó lẹ́wà." Kò sí ṣùgbọ́n kankan nínú adúmáadán.

Crowther tẹ àkójọ ọ̀rọ̀ Yorùbá rẹ̀ jáde ní 1843. Ìwé atúmọ̀ èdè ti C.M.S. jáde ní 1913, ti Abraham ní 1958. Ìwé atúmọ̀ lè tọ́jú ọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n kò lè kọ́ wa ní ìgbà tí ó yẹ kí a pa á mọ́ ẹnu. Èyí wà lọ́wọ́ àwa tí a ń sọ èdè. Nígbà tí a bá fi òbùrẹ́wà nìkan dípò gbogbo ọ̀rọ̀ yòókù, ìyàtọ̀ tí àwọn baba wa fi sáàrin ohun tí a bí mọ́ni, ohun tí a ṣe síni, àti ohun tí a fọwọ́ ara ẹni fà ni a ń pa rẹ́. Èyí tí ó kẹ́yìn nìkan ni wọ́n fi tinútinú bá wí, ìwà sì ni olórí rẹ̀. Ìdí nìyí tí wọ́n fi ní ìwà lẹwà. Fún èyí tí a bí mọ́ni, òwe wọn ni pé ọmọ ẹni kò ṣèdí bẹ̀bẹ̀rẹ̀ kí a filẹ̀kẹ̀ sídìí ọmọ ẹlòmíràn. Òwe náà kò purọ́ pé ìdí náà rí bẹ̀bẹ̀rẹ̀. Ó ní kí ìlẹ̀kẹ̀ wà níbi tí ó wà.