Láti Ìkòkò Aró dé Ike Ọṣẹ Ọkọ̀

Nígbà tí Lárọ̀óyè àti Tìmẹ́hìn ọdẹ, gẹ́gẹ́ bí ìtàn àtẹnudẹ́nu ti wí, kó àwọn ènìyàn wọn dé etí odò Ọ̀ṣun, tí wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣán igbó láti tẹ̀dó síbẹ̀, igi ńlá kan tí wọ́n gé wó lulẹ̀, ó já sínú ibú, bẹ́ẹ̀ ni ohùn kan ké jáde láti inú omi pé ìkòkò aró òun ni wọ́n fọ́ túútúú yẹn. Ẹ jẹ́ ká fara balẹ̀ wo ohun tí Ọ̀ṣun, òòṣà odò náà, ké lé lórí. Yèyé tí ó ní ìlẹ̀kẹ̀, tí ó ní idẹ, tí ó ní ẹ̀wọ̀n àti ẹ̀gbà, irinṣẹ́ òwò rẹ̀ ni ó kọ́kọ́ dárò. Kò yani lẹ́nu, nígbà náà, pé Òṣogbo Òròkí, ìlú tí a tẹ̀dó sórí ẹ̀sùn ìkòkò fífọ́, di ìlú aró tí òkìkí rẹ̀ kàn dé ibi tí ẹsẹ̀ àwọn ará rẹ̀ kò dé. Àti pé, lójú tèmi, ẹni tí ó bá fẹ́ mọ bí a ti í ra ohun tí wọ́n dì sínú agolo tàbí ike aláwòrán mèremère lóde òní, pàápàá àwọn ọṣẹ àti ìda tí wọ́n fi ń fọ ọkọ̀ tí wọ́n sì fi ń mú un dán gbinrin, ìdí aró ni ó yẹ kí ó kọ́kọ́ lọ jókòó sí.

Ewé ẹ̀lú ni ìpilẹ̀ aró. Wọn a já a ní tútù, wọn a gún un lódó, wọn a sù ú ní ìṣù-ìṣù, wọn a sì sá a sóòrùn títí yóò fi gbẹ kanlẹ̀. Eérú ni èkejì rẹ̀: wọn a sun igi àti èèpo kòkó, wọn a kó eérú náà sínú ìkòkò tí ìdí rẹ̀ lu, wọn a gbé e lé orí ìkòkò mìíràn, wọn a sì máa bu omi sí i díẹ̀díẹ̀, kí omi eérú lè máa ro sí ìsàlẹ̀. Inú omi yìí ni ẹ̀lú ń gbé fún ọjọ́ mélòó kan títí yóò fi kan, tí òórùn rẹ̀ yóò sì gba àdúgbò. Nígbà náà ni aṣọ funfun tí a bá rì bọ̀ ọ́ yóò jáde pẹ̀lú àwọ̀ bí ewé tútù, tí atẹ́gùn yóò wá sọ ọ́ di aró lójú gbogbo ènìyàn. Báwo ni ìyá aláró ti ń mọ̀ pé omi eérú òun ti tó? Kò ní ìwé tí ó ń kà, kò sì sí òǹtẹ̀ kankan tí ó ń wò. Ìka rẹ̀ ni ó ń tì bọ inú ìkòkò, ahọ́n rẹ̀ ni ó sì fi ń tọ́ ọ wò. Lẹ́yìn tí ó bá ti bẹ Ìyá Màpó, òòṣà iṣẹ́ ọwọ́ obìnrin, kí aró má bàjẹ́, ìtọ́wò yẹn ni ilé ẹjọ́ tó gbẹ̀yìn. Àwọn àgbà ní ẹni tí ó bá fojú olójú ṣòwò kì í jèrè. Àwọn ìyá wọ̀nyí fi ahọ́n ara wọn ṣòwò, wọ́n sì jèrè.

Ní nǹkan bí ọdún 1907 ni ojú irin dé Òṣogbo. Láti ìgbà náà ni ìlú náà ti di ibi tí ẹrù òyìnbó ń kóra jọ sí, tí àwọn ilé ìtajà bíi John Holt, Paterson Zochonis àti UAC, èyí tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1929, fi di ohun tí ọmọdé mọ orúkọ rẹ̀. Àwọn ará Iléṣà, tí ojú irin kò gba ọ̀dọ̀ wọn kọjá, a sì máa rin nǹkan bí 20 máìlì wá pàdé ọjà níbẹ̀. Lára ẹrù tí ọkọ̀ ojú irin kó wá ni aró òyìnbó. Adolf von Baeyer, ọ̀jọ̀gbọ́n ará Jámánì, ni ó wá ọ̀nà tí a fi lè ṣe aró láìfọwọ́ kan ewé, ilé iṣẹ́ BASF ni ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í tà á fún gbogbo ayé ní 1897. Ohun tí ó yẹ kí a mọ̀ nípa aró yìí ni pé ohun tó ń kun aṣọ nínú rẹ̀ àti èyí tó ń kun aṣọ nínú ẹ̀lú, ọ̀kan náà ni wọ́n. Agolo ni ó yà wọ́n sọ́tọ̀, àti ìnira tí agolo gbà lọ́wọ́ ẹni tí ì bá gún ewé. Kọ́sítíìkì náà bá a dé, ó gba ipò eérú, ṣùgbọ́n kò gba ipò rẹ̀ ní ìrẹ̀lẹ̀, nítorí pé ṣíbí kọ́sítíìkì kan lè ṣe iṣẹ́ apẹ̀rẹ̀ eérú, ó sì lè jẹ aṣọ lẹ́yìn tí ó bá parí iṣẹ́.

Abẹ́òkúta ni ọ̀ràn yìí ti di ẹjọ́ ńlá. Ní àwọn ọdún 1930, nígbà tí àwọn oníbàárà ń ráhùn pé àdìrẹ ń ṣí, ó sì ń ya, Aláké Ládàpọ̀ Adémọ́lá Kejì fòfin de kọ́sítíìkì àti aró òyìnbó. Àwọn obìnrin aláró kò gbà, wọ́n fi ẹ̀hónú hàn, títí ìjọba fi gbé ìwádìí kalẹ̀ ní 1936. Èmi kò dá àwọn obìnrin náà lẹ́bi. Òfin bá agolo wí, bẹ́ẹ̀ ni ìwọ̀n tí wọ́n bù nínú agolo ni ó yẹ kó bá wí, nítorí ẹni tí ó mọ omi eérú fún ọdún gbọọrọ kò lè mọ kọ́sítíìkì ní ọ̀sẹ̀ kan. Àwọn aláró tí wọ́n gbọ́n a máa bu aró òyìnbó mọ́ ẹ̀lú, kí ọ̀kan máa ti èkejì lẹ́yìn. Agolo wọ ìdí aró lóòótọ́, ṣùgbọ́n ahọ́n kò tìtorí rẹ̀ kúrò níbẹ̀.

Ibi tí ìtàn yìí ti dùn jù lọ, ọ̀dọ̀ àwọn Ìjẹ̀ṣà ló wà. Lẹ́yìn tí ogun Kírìjì, tí Ìjẹ̀ṣà àti Èkìtì bá Ìbàdàn jà, ti rọlẹ̀, tí wọ́n ti tọwọ́ bọ ìwé àlàáfíà ní 1886, tí ọ̀nà sì là, àwọn ọmọ Owá Obòkun Àdìmúlà, tí wọ́n ti di jagunjagun tipátipá lábẹ́ Ògèdèngbé, olórí ogun wọn, yíjú sí òwò pẹ̀lú agbára tí wọ́n fi jagun. Àní Owá tí ó gorí ìtẹ́ ní 1896, Ajímọ́kọ̀ Kìíní, ẹni tí àwọn ará Èkó mọ̀ sí Frederick Kúmókùn Haastrup, oníṣòwò ni kí ó tó dé adé. Kò pẹ́ tí a fi ń rí Ìjẹ̀ṣà alájàpá aṣọ ní Èkìtì, ní Àkókó, ní Kàbà, títí dé ìgbèríko tí òyìnbó fúnra rẹ̀ kò mọ̀nà rẹ̀, pẹ̀lú ẹrù aṣọ lórí. Àwìn ni wọ́n ń tà. Wọn a fún àgbẹ̀ ní aṣọ lónìí, wọn a gba ìwọ̀nba owó díẹ̀, wọn a sì padà wá gba ìyókù nígbà tí irè oko bá dé. Bí onígbèsè bá sì ń fẹ́ jẹ́ ọlọ́gbọ́n jù, Ìjẹ̀ṣà yóò lóṣòó sí ẹnu ọ̀nà rẹ̀, yóò ní òun kò ní dìde àfi bí owó bá dọ́wọ́. Bí wọ́n ṣe gba orúkọ Òṣómàáló nìyẹn.

Àwọn tí wọ́n ti kọ̀wé nípa Òṣómàáló máa ń yìn wọ́n fún ìforítì, ó sì tọ́. Àmọ́ ohun mìíràn wà níbẹ̀ tí mo rò pé a kò tíì yìn tó, ìyẹn ni bí ọgbọ́n àwìn ṣe sọ oníṣòwò di onídàájọ́ ọjà. Ẹ rántí irú aṣọ tí wọ́n ń tà. Manchester ni ó ti ń wá, níbi tí àwọn oníṣòwò, nítorí pé ọ̀pọ̀ ẹni tí yóò ra aṣọ náà ní òkè òkun kò mọ̀wé, ti ń lẹ àwòrán mọ́ ìgàn aṣọ: erin, kìnnìún, ọba adé, ohunkóhun tí ojú lè rántí. Nígbà tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ṣòfin ní 1875 pé kí a máa forúkọ àmì ọjà sílẹ̀, àmì aṣọ òwú pọ̀ dé ibi pé wọ́n ní láti ṣí ọ́fíìsì tirẹ̀ sí Manchester. Ẹwà àwòrán wọ̀nyí kì í ṣe kékeré. Ṣùgbọ́n lábẹ́ àwòrán náà, àwọn kan nínú àwọn tó ń hun aṣọ a máa fi sítáàṣì àti amọ̀ funfun kún un, kí aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ lè wúwo lọ́wọ́, kí ó sì le bí ọ̀págun. Bí omi bá sì ti kàn án lẹ́ẹ̀kan, amọ̀ a bá omi lọ, ohun tó kù lórí okùn ìsáṣọ a wá di àwòsunkún.

Ẹni tí ó gba owó rẹ̀ lójú ẹsẹ̀ lè ta irú aṣọ bẹ́ẹ̀, kó sì máa lọ sí ìlú mìíràn. Òṣómàáló kò lè ṣe bẹ́ẹ̀. Nígbà tí yóò fi padà dé ní oṣù díẹ̀ sí i láti béèrè ìyókù owó rẹ̀, aṣọ ti lọ sódò, ó ti lọ sí oko, ó ti lọ sí òde ìyàwó, gbogbo ohun tí àwòrán erin fi pamọ́ ti hàn gbangba. Onígbèsè tí aṣọ rẹ̀ ti ya sì ní ọ̀rọ̀ lẹ́nu tí ìlóṣòó kankan kò lè dá dúró. Nítorí náà ni ó fi di dandan fún un, ní ṣọ́ọ̀bù òyìnbó ní Òṣogbo tàbí ní Èkó, kí ó fọwọ́ méjèèjì ra etí aṣọ wò bóyá ìyẹ̀fun yóò gbọ̀n sílẹ̀, kí ó nà á sí oòrùn, kí ó ka òwú rẹ̀ kó tó ka owó tirẹ̀. Àwìn ni ó fún aṣọ ní àkókò láti sọ tẹnu rẹ̀.

Owó aṣọ yìí ni ọ̀pọ̀ nínú wọn fi kọ́lé, tí àwọn mìíràn fi ra ọkọ̀ akẹ́rù, ọ̀ràn fífọ ọkọ̀ sì wọ inú ìtàn wa láti ibẹ̀. Ọṣẹ dúdú kò ṣàjèjì sí ẹni tí ó mọ aró, nítorí omi eérú kan náà ni a fi ń se é pẹ̀lú àdí. Lẹ́yìn rẹ̀ ni ọṣẹ alágbèéléwọ́ ti Lever Brothers, tí wọ́n fìdí kalẹ̀ sí Nàìjíríà ní 1923, gbòde; lẹ́yìn ìyẹn ni ọṣẹ oníyẹ̀fun, tí gbogbo wa ń pè ní Ómò láìka ẹni tó ṣe é sí. Ọṣẹ oníyẹ̀fun mú aṣọ mọ́ dáadáa, ṣùgbọ́n agbára tí ó fi ń lé ọ̀rá kúrò lára ṣòkòtò ni ó fi ń lé ìda kúrò lára ọ̀dà ọkọ̀, títí ọkọ̀ náà yóò fi ṣá. Bí àwọn ọmọ kááwọ́ọ̀ṣì ṣe wá pọ̀ lójú títì láti Òṣogbo dé Iléṣà, tí eruku pupa àti ọyẹ́ sì ń pèsè iṣẹ́ fún wọn, ni ọṣẹ ọkọ̀ olómi bẹ̀rẹ̀ sí í tò lórí àtẹ: aláwọ̀ pupa, aláwọ̀ ewé, èyí tí wọ́n ya ọkọ̀ olówó ńlá sí lára, àti èyí tí ó ń ta sánsán bí ọsàn.

Kí ló wà nínú wọn? Omi ló pọ̀ jù. Èròjà ìfọ̀ tí wọ́n ń pè ní texapon ló tẹ̀ lé e, tàbí ásíìdì sulphonic tí wọ́n fi kọ́sítíìkì rọ̀ lójú, lẹ́yìn náà àwọ̀ àti òórùn dídùn. Oníbàárà a máa gbé ike mì, bí ọṣẹ náà bá ki, a ní ó lágbára. Bẹ́ẹ̀ sì ni ẹnikẹ́ni tí ó bá ti po texapon rí mọ̀ pé iyọ̀ lásán ni wọ́n ń bù sí i tí ó fi ń ki. Iyọ̀ yìí, kí ni ó fi yàtọ̀ sí amọ̀ funfun ti Manchester? Ìhó náà kò jẹ́rìí gidi, nítorí èròjà wà tí iṣẹ́ rẹ̀ kò ju kí ọṣẹ hó lọ. Ẹ sì wo bí ayé ti ń yí: texapon, tí àwọn ará ọjà ń lò bí orúkọ irú ohun náà, orúkọ tí ilé iṣẹ́ Jámánì kan fún ọjà tirẹ̀ ni, láti ọwọ́ Henkel ó bọ́ sí ọwọ́ Cognis, nígbà tí BASF sì ra Cognis ní 2010, ó di tiwọn. Ilé iṣẹ́ tí ó kó aró agolo fún àwọn ìyá wa ni ó tún ni orúkọ ohun tó wà nínú ike ọṣẹ ọkọ̀ àwọn ọmọ-ọmọ wọn.

Ti ìda náà kò jìnnà sí èyí. Carnauba ni orúkọ tí wọ́n ń fi yangàn lára agolo, ìda ara ewé ọ̀pẹ kan tí ó ń hù ní ìhà àríwá ìlà-oòrùn Bùràsílì. Ó le, ó ń dán, kì í tètè yọ́ lóòrùn. Ó le débi pé kò ṣe é kùn ní òun nìkan, a gbọ́dọ̀ fi epo àti ìda mìíràn rọ̀ ọ́, nítorí náà agolo lè kọ orúkọ rẹ̀ gàdàgbà níwájú, kó má sì ju ìwọ̀nba kékeré lọ nínú. Ẹ̀yìn agolo ni ó yẹ kí a kà, níbi tí lẹ́tà ti kéré. Ìda kan tiẹ̀ wà láti Chicago, Turtle Wax, tí ó jẹ́ pé Alábahun Ìjàpá, ọkọ Yánníbo, ni ó wà lára rẹ̀. Ìda náà kò ní ẹ̀bi kankan, ṣùgbọ́n mo gbà pé ọmọ tí a fi àlọ́ tọ́ dàgbà yóò kọ́kọ́ wo agolo náà lẹ́ẹ̀mejì. Fún ti táyà, ẹni tí ó fi dísù kùn ún kó lè dúdú, rọ́bà ni ó ń bàjẹ́ díẹ̀díẹ̀.

Òtítọ́ dọ́jà ó kùtà, owó lọ́wọ́ là ń rèké. Àwọn tí wọ́n kọ́kọ́ pa òwe yìí kò mọ ọṣẹ ọkọ̀, ṣùgbọ́n owó lọ́wọ́ ni gbogbo wa fi ń rà á: a ti san owó tán kí omi tó kan ọkọ̀, a ti gbàgbé orúkọ ike náà kí ọ̀dà tó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣá, ẹni tó pò ó kò sì ní ìdí kankan láti tún gba àdúgbò wa kọjá. Bí a bá wí fún oníṣọ́ọ̀bù ní Ọjà Ọba Òṣogbo lónìí pé kí ó fún wa ní ike kan láwìn, ká lọ fi fọ ọkọ̀ fún oṣù mẹ́ta kí ó tó wá gba owó rẹ̀, yóò rẹ́rìn-ín títí omi yóò fi bọ́ lójú rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ Ìjẹ̀ṣà, baba ńlá rẹ̀ kò ní rí ohun ẹ̀rín kankan níbẹ̀, iye tí a ó kọ́kọ́ san sílẹ̀ nìkan ni yóò béèrè.