Anja Andersen, Ọmọ Denmark Tí Ó Sọ Bọ́ọ̀lù Ọwọ́ Di Ìran Àpéwò

Ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹjọ ọdún 1996, nígbà tí gbogbo Nàìjíríà ń jó tí ó ń yọ̀ nítorí wúrà tí Chioma Ajunwa gbà nínú eré fífò jìnnà, àti èyí tí àwọn agbábọ́ọ̀lù wa gbà lọ́wọ́ Argentina, àwọn obìnrin Denmark náà ń gba wúrà tiwọn nínú ìdíje Òlíḿpíìkì kan náà. Ariwo ayọ̀ tiwa kò jẹ́ kí púpọ̀ nínú wa gbúròó tiwọn.

Bọ́ọ̀lù ọwọ́ ni wọ́n gbá. Denmark ni orírun eré yìí wà, nítorí olùkọ́ kan tí ń jẹ́ Holger Nielsen, ní Ordrup lẹ́bàá Copenhagen, ni ó tẹ òfin rẹ̀ jáde ní 1906. Ènìyàn méje ni ó ń kojú ènìyàn méje. Ọwọ́ ni wọ́n sì fi ń ju bọ́ọ̀lù sínú ilé. Láti 1957 ni àwọn obìnrin ti ń gba ife àgbáyé tiwọn nínú gbọ̀ngàn, ṣùgbọ́n ó di 1976 kí a tó fún wọn láàyè nínú Òlíḿpíìkì.

Ọjọ́ 15, oṣù kejì, 1969 ni a bí Anja Andersen ní Odense, ìlú kan náà tí a bí Hans Christian Andersen, òǹkọ̀wé àlọ́ nì. Orúkọ wọn kàn jọra ni. Nígbà tí Anja dàgbà tí ó di ògbóǹtarìgì, ọ̀nà tí ó ń gbà ṣeré yàtọ̀ sí ti ẹgbẹ́ rẹ̀. Ó lè máa wo ọ̀tún kí ó sì ti ẹ̀yìn ara rẹ̀ fi bọ́ọ̀lù ránṣẹ́ sí òsì. Bí ó bá sì bínú sí rẹfirí, gbogbo ilé ni yóò mọ̀. Àwọn kan pè é ní aláṣehàn. Lójú tiwa, àṣehàn tí ó bá ń mú góòlù wá, iṣẹ́ ni.

Ní 1993, góòlù kan ṣoṣo ni Jámánì fi gba ife àgbáyé mọ́ Denmark lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n ní 1994, Denmark gba ife Yúróòpù. Ní Atlanta, wọ́n pàdé South Korea, tí ó ti gba wúrà ní 1988 àti 1992. Àkókò eré pé, wọn kò borí ara wọn. A fi àkókò kún un, Denmark sì borí pẹ̀lú góòlù 37 sí 33. Ní oṣù kejìlá ọdún náà, wọ́n tún gba ife Yúróòpù nílé. Ní 1997, wọ́n gba ti àgbáyé. Adé mẹ́ta wá wà lọ́wọ́ wọn lẹ́ẹ̀kan náà, a sì yan Anja ní obìnrin tí ó mọ eré náà jù lọ ní àgbáyé lọ́dún yẹn. Àwọn ará Denmark, tọkùnrin tobìnrin, wá ń jókòó ti tẹlifíṣọ̀n nítorí eré obìnrin.

Àìsàn ọkàn ni ó dá a dúró ní 1999, nígbà tí ó pé ọmọ ọgbọ̀n ọdún. Kò padà sílé lọ sinmi. Ó di olùkọ́ni ní Slagelse, ìlú tí kò tóbi, ó sì fi ẹgbẹ́ ibẹ̀ gba ife tí ó ga jù lọ láàrin àwọn ẹgbẹ́ obìnrin Yúróòpù ní 2004 àti 2005. Ìbínú àtijọ́ kò kúrò: nígbà kan, ìdájọ́ rẹfirí bí i nínú tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi kó gbogbo ọmọ ẹgbẹ́ rẹ̀ jáde láàrin eré, wọ́n sì fìyà jẹ ẹ́. Ní 2007, ó tún gba ife náà lẹ́ẹ̀kẹta.