Dígí Olùkọ́ Orin àti Ọ̀fun Ọba



Ohùn ni Yorùbá ń pe ohun tó ń jáde lẹ́nu ẹni tó ń sọ̀rọ̀. Ohùn náà la tún ń pe òkè àti ìsàlẹ̀ tó ya ọkọ́ tí a fi ń roko sọ́tọ̀ sí ọkọ̀ tí a ń wọ̀. Ibì kan náà ni méjèèjì ti ń wá: tán-án-ná, ẹran tẹ́ẹ́rẹ́ méjì tó dojú kọ ara wọn nínú gògóńgò. Bí èémí bá ń gba àárín wọn jáde, wọ́n á máa gbọ̀n. Bí wọ́n bá fà le, tí wọ́n ń yára gbọ̀n, ohùn á lọ sókè. Bí wọ́n bá dẹ̀, ohùn á wálẹ̀. Lónìí, àwa tá a kọ́ ìmọ̀ ẹ̀dá èdè mọ èyí bí ẹni mowó. Àmọ́ ta ló kọ́kọ́ wò wọ́n lẹ́nu iṣẹ́, lọ́fun ẹni tó ń mí, tó ń kọrin, tó sì ròyìn wọn fáyé gbọ́? Kì í ṣe dókítà o. Olùkọ́ orin ni.

Ṣáájú àkókò rẹ̀, ara òkú làwọn dókítà ti máa ń rí tán-án-ná. Bí ohùn aláìsàn bá há, wọn á tẹ ahọ́n rẹ̀ mọ́lẹ̀, wọn á yọjú wo ọ̀fun, wọn ò sì ní rí nǹkan kan, nítorí ìsàlẹ̀ ìdí ahọ́n ni tán-án-ná fara pamọ́ sí. Ìyókù di àbá. Lọ́dún 1829, Benjamin Babington ṣe irinṣẹ́ onídígí kan ní Lọ́ńdọ̀nù fún wíwo ọ̀fun, ṣùgbọ́n kò tàn kálẹ̀.

Ọdún 1805 ni wọ́n bí Manuel García ní Spéìnì, sínú ìdílé akọrin. Olùkọ́ orin ni ní Paris, lẹ́yìn náà ní Lọ́ńdọ̀nù. Lọ́dún 1841, Jenny Lind, akọrin ọmọ Sweden, tọ̀ ọ́ wá pẹ̀lú ohùn tó ti rẹ̀ tẹnutẹnu. García ò tíì kọ́ ọ lórin kankan tó fi ní kó lọ dákẹ́ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan ná. Ohùn yẹn padà bọ̀ sípò, òkìkí rẹ̀ sì kàn dé Amẹ́ríkà. Ẹ ò rí i pé ìsinmi pàápàá, oògùn ni.

Síbẹ̀, ó ń wu García láti fojú ara rẹ̀ rí ibi tí ohùn ti ń wá. Ní 1854, ó mú dígí kékeré tó ní ọwọ́ gígùn, irú èyí tí dókítà eyín ń lò. Ó mú un gbóná díẹ̀ kí èémí má baà bò ó, ó tì í sẹ́yìn ọ̀fun ara rẹ̀, ó wá fi dígí kejì da ìtànṣán oòrùn sí i. Ó rí tán-án-ná tiẹ̀ fúnra rẹ̀, bí wọ́n ṣe ń ṣí, tí wọ́n ń pa dé. Lọ́dún 1855, wọ́n ka ìròyìn rẹ̀ fún Royal Society ní Lọ́ńdọ̀nù.

Ní Vienna, Ludwig Türck bẹ̀rẹ̀ sí í fi irú dígí bẹ́ẹ̀ wo aláìsàn ní 1857. Ìgbà tí oòrùn rọlẹ̀, iṣẹ́ dúró. Johann Czermak yá dígí lọ́wọ́ rẹ̀, ó fi iná àtùpà rọ́pò oòrùn, làwọn méjèèjì bá ń jà lórí ẹni tó ni iṣẹ́. Nígbà tó di 1861, Victor von Bruns ti yọ kókó kúrò lọ́fun àbúrò rẹ̀ ní Tübingen láìla ọrùn rẹ̀.

Ó wá dà bíi pé ìṣòro ti tán, àbí? Ẹ jẹ́ ká wo Friedrich, àrẹ̀mọ ọba Jámánì. Ní ìbẹ̀rẹ̀ 1887, ohùn rẹ̀ há. Ọ̀jọ̀gbọ́n Gerhardt fi dígí wò ó ní Berlin, ó rí kókó lára tán-án-ná òsì, ó sì fi iná sun ún. Kókó náà tún hù. Nínú oṣù Karùn-ún, Ernst von Bergmann fẹ́ la gògóńgò, kó gé e kúrò. Wọ́n ránṣẹ́ pe Morell Mackenzie, ògbóǹkangí dókítà ọ̀fun, láti Lọ́ńdọ̀nù. Òun ní kí wọ́n má tíì fọwọ́ kan ọ̀bẹ. Ó já díẹ̀ nínú kókó náà fún Rudolf Virchow, ọ̀gá pátápátá nínú fífi awò yẹ ẹran ara wò. Virchow ò rí jẹjẹrẹ nínú ohun tí wọ́n fún un. Ọ̀bẹ dúró.

Ní oṣù Kọkànlá, kò ṣeé sẹ́ mọ́: jẹjẹrẹ ni. Ní February 1888, wọ́n ní láti dá ihò sí ọ̀nà èémí rẹ̀ lọ́rùn kó lè mí. Oṣù tó tẹ̀ lé e ni bàbá rẹ̀ wàjà, Friedrich sì gorí ìtẹ́. Ìwé ló ń kọ nǹkan sí kí ìjòyè tó gbọ́ àṣẹ ọba. Ọjọ́ 99 péré ló lò lórí oyè. Ó wàjà ní June 15, 1888.

Ta ló jẹ̀bi? Wọ́n jà á títí, ìwé tako ìwé. Lójú tèmi, kò yẹ ká di gbogbo ẹ̀bi ru ẹnì kan. Iṣẹ́ abẹ tí Bergmann fẹ́ ṣe léwu gan-an láyé ìgbà yẹn. Virchow náà ò parọ́. Ohun tó wà níwájú rẹ̀ ló sọ. Àmọ́ ẹ̀já díẹ̀ kì í ṣe gbogbo kókó. “A ò rí i níhìn-ín” àti “kò sí” kì í ṣe ọ̀rọ̀ kan náà. Ẹ̀kọ́ ibẹ̀ nìyẹn: dígí García fún dókítà lójú, kò fún wọn ní òye ohun tí ojú rí.

Lónìí, kámẹ́rà tín-ín-rín ló ń wọ ọ̀fun. Iná tó ń ṣẹ́jú tún wà, tó ń jẹ́ kí gbígbọ̀n tán-án-ná hàn bí ẹni ń rìn jẹ́jẹ́. Bí èsì àyẹ̀wò ẹran ara ò bá sì bá ohun tójú rí mu, wọ́n máa ń tún un ṣe.

Àwa tí èdè wa gbára lé ohùn, ọ̀rọ̀ yìí kàn wá gbọ̀ngbọ̀n. Ẹni tó ń sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́ ò lo ìgbọ̀n tán-án-ná rárá. Ọ̀rọ̀ tó yí i ká la fi ń mọ̀ bóyá ọkọ́ ló pè tàbí ọkọ̀. Olùkọ́, oníwàásù, lémọ́ọ̀mù, ìyá tó ń kiri ọjà, ohùn ni wọ́n fi ń jẹun. Bí ohùn bá há ju ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lọ, ẹ má kàn máa jẹ orógbó kiri. Ẹ lọ bá dókítà etí, imú àti ọ̀fun, kó wò ó. Bí wọ́n bá ní àwọn ò rí nǹkan kan, tí ohùn ò sì là, ẹ padà lọ.