Ilé Ni A Ti Ń Kó Ẹ̀ṣọ́ Ròde: Lórí Ọ̀rọ̀ tí A Fi Ń Kọ́ Ọmọ Ní Ọdún Àkọ́kọ́

Ilé là ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ. Àṣà tí àwọn baba wa fi lé wa lọ́wọ́ nìyí, tí ó fi jẹ́ pé bí a bá gbọ́ Àyángbèmí, a mọ̀ pé ìlù ni wọ́n ń lù nílé rẹ̀, bí a bá sì gbọ́ Ifábùnmi, a mọ̀ pé Ifá kò ṣàjèjì sí agbo ilé náà. Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀ fún ọmọ ènìyàn, èrò mi ni pé ó yẹ kí ó rí bẹ́ẹ̀ fún ẹ̀kọ́ pẹ̀lú, pàápàá ẹ̀kọ́ ọmọ tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ lẹ́yìn ìyá rẹ̀, tí ó gbé sìlétì lọ́wọ́, tí ó jókòó níwájú pátákó ìkọ̀wé, tí kò tíì mọ ohun tí àwọn àgbà ń pè ní ìṣirò, ṣùgbọ́n tí kò sí ẹni tí ó lè yọ ẹran kan kúrò nínú àwo rẹ̀ kí ó má mọ̀.

Ẹ jẹ́ kí a wo ọ̀rọ̀ méjì tí a fi ń pe ilé-ìwé àwọn ọmọ kékeré. Alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni ọ̀kan. Ẹni tí ó ṣẹ̀dá rẹ̀ mú kíkọ́, ó mú bíbẹ̀rẹ̀, ó sì fún wọn pọ̀ bí ìyá ti ń fún ọ̀já, tóbẹ́ẹ̀ tí ọ̀rọ̀ náà fi dún bí èyí tí ó ti wà láti ọjọ́ aláyé ti dáyé. Jẹ́lé-ó-sinmi ni èkejì, fún àwọn tí ọjọ́ orí wọn kò tíì tó ti alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ó dùn létí, ìyá tí ó bá sì ti fi odindi ọjọ́ kan lé ọmọ ọdún mẹ́ta kiri mọ ìtumọ̀ rẹ̀ dénú egungun. Ṣùgbọ́n ìsinmi ilé ni ó ń ròyìn, kò ròyìn ọmọ. Ọ̀rọ̀ kan kọjú sí akẹ́kọ̀ọ́, èkejì kọjú sí àgbà, ibi tí ọ̀rọ̀ bá sì kọjú sí ni ọkàn wa ń tẹ̀lé e lọ.

Nígbà tí ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn lábẹ́ Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ sọ ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ di ọ̀fẹ́ ní oṣù Ṣẹ́ẹ́rẹ́ ọdún 1955, ní ayé ìgbà tí a ń ní kí ọmọ gbé ọwọ́ ọ̀tún gba orí kọjá kí ó fi kan etí òsì kí a tó gbà pé ó tó ilé-ìwé lọ, Yorùbá ni a fi ń kọ́ ọmọ ní ọdún mélòó kan, lẹ́yìn náà Gẹ̀ẹ́sì a gba ipò. Ní 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babátúndé Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ mú ilé-ìwé kan ní Modákẹ́kẹ́, wọ́n ní kí a fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ibẹ̀ ní ìṣirò, ní sáyẹ́nsì àti ní ohun gbogbo fún ọdún mẹ́fà gbáko, kí Gẹ̀ẹ́sì sì jẹ́ iṣẹ́ kan láàrin àwọn iṣẹ́ yòókù. Ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, ni a fi dá Ilé-Ifẹ̀. Nínú iṣẹ́ yìí, àgbà níláti wá ọ̀rọ̀, ọmọdé ni yóò sì fi ẹnu rẹ̀ dán an wò.

Níbi ìṣirò ni ìdánwò náà ti le jù. A ní àròpọ̀, a ní àyọkúrò, a ní ìsọdipúpọ̀, a sì ní pínpín. Ọ̀rọ̀ tí ó yè kooro ni gbogbo wọn, n kò sì bá wọn jà. Ṣùgbọ́n kí ọmọ tó gbọ́ àyọkúrò rárá, ó ti ń yọ nǹkan kúrò lójoojúmọ́ ayé rẹ̀, nítorí pé ẹni tí ó bá lè kà dé ogún ní Yorùbá ti mọ *lé*, ó sì ti mọ *dín*. Mọ́kànlá ni ọ̀kan tí ó lé lórí ẹ̀wá. Mẹ́rìndínlógún ni ogún tí ó dín mẹ́rin. Ìṣòro kan wà níhìn-ín tí olùkọ́ tòótọ́ kò gbọdọ̀ fojú fò: bí ẹnu ọmọ ti ń wí pé ogún dín mẹ́rin, ẹ̀wá àti ẹ̀fà ni ọwọ́ rẹ̀ ń kọ sórí sìlétì, 16. Ta ni yóò bá ẹnu òun ọwọ́ parí ìjà?

Ìmọ̀ràn tèmi ni pé kí a lọ bá ẹni tí ń ṣẹ́gi. Kí olùkọ́ kó igi wẹ́wẹ́ fún ọmọ, kí ó ní kí ó máa di wọ́n ní mẹ́wàá mẹ́wàá, kí a sì pe èyí tí a dì ní *ìdì*, kí a pe èyí tí ó ṣẹ́ kù ní *ẹyọ*. Mẹ́rìndínlógún a di ìdì kan àti ẹyọ mẹ́fà, bí a ti kọ ọ́ gan-an; ọmọ a sì fi ojú ara rẹ̀ rí i pé igi mẹ́rin péré ni ó kù kí ìdì kejì pé. Ohun tí ó wà nílẹ̀ ni ọwọ́ ń kọ, ohun tí ó kù ni ẹnu ń wí. Òtítọ́ kan náà ni àwọn méjèèjì ń sọ.

Bẹ́ẹ̀ náà ni ti àwọn ẹ̀kọ́ yòókù. Ọmọ tí ó ti sá pamọ́ sí igun ilé rí kò níí wárìrì bí a bá pe àwòrán kan ní onígun mẹ́ta. Ọmọ tí ó ti gbọ́ tí gángan ń sọ̀rọ̀ yóò tètè mọ ohùn òkè yàtọ̀ sí ohùn ìsàlẹ̀, kí igbá, igba àti ìgbà má baà dàrú mọ́ ọn lójú. Ní ti sìlétì, ṣọ́ọ̀kì àti tíṣà, àjèjì ni wọ́n nígbà kan, ṣùgbọ́n wọ́n ti jẹun nílé wa, wọ́n ti sùn nílé wa. Ẹnu ọmọ ti gbà wọ́n, kí àwa náà gbà wọ́n. Fáwẹ̀lì ní tirẹ̀ lè dúró de ọdún mìíràn. Kí ọmọ kọ́kọ́ pe a, e, ẹ, i, o, ọ, u kí ó já gaara ná.

Ilé ni a ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde, mo sì gbàgbọ́ pé ó yẹ kí ẹ̀ṣọ́ náà tún lè padà wọlé. Nítorí náà, ẹni tí ó bá ń ṣẹ̀dá ọ̀rọ̀ fún ọdún àkọ́kọ́, kí ó gbé e lọ síwájú ìyá àgbà tí kò fẹsẹ̀ kan ilé-ìwé rí. Bí ọmọ bá dé lọ́sàn-án, tí ìyá àgbà bi í pé kí ni wọ́n kọ́ ọ lónìí, tí ọmọ sì dáhùn pé, “Ìyá, ìdì kan àti ẹyọ mẹ́fà,” tí ìyá àgbà ronú díẹ̀, tí ó ní, “Ó ku mẹ́rin kí ó di ìdì méjì,” ọ̀rọ̀ náà ti délé.