Ìtàn Kílọ́ọ̀ṣì àti 504 Bàbá Mi

Ẹ̀yin akẹgbẹ́ mi, ewì lẹ fi mọ̀ mí nínú ìwé yìí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí láàyè lẹ́ẹ̀kan péré kí n sọ̀rọ̀ mọ́tò. Ìtàn ni, àmọ́ n kò bá a pàdé nínú ìwé kankan ní ẹ̀ka-ẹ̀kọ́ wa. Abẹ́ Peugeot 504 ni mo ti bá a pàdé, tí ọ́ìlì dúdú ń kán sí mi níwájú orí.

Ti bàbá mi ni 504 náà. Nígbà tí wọ́n dolóògbé ní ìparí ọdún 2020, a tì í sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọgbà, a da tapólì bò ó. Òjò ọdún 2021 rọ̀ lé e lórí, ti 2022 náà tún bẹ̀rẹ̀. Ìgbà ìdaṣẹ́sílẹ̀ oṣù mẹ́jọ ọdún 2022 yẹn, tí gbogbo wa jókòó sílé bí adìẹ tó ń sàba, ni màmá mi ní kí á tà á, kí owó iléèwé mi àti owó ìdánwò WAEC àbúrò mi lè ti ibẹ̀ jáde. A ra bátìrì, ẹ́ńjìnnì jí. Kílọ́ọ̀ṣì ló kọ̀. Tí a bá tẹ pẹ́dà, á lọ sílẹ̀, kò ní padà sókè. Tí a bá fẹ́ ki jíà bọ̀ ọ́, á máa han gooro. Mẹkáníìkì àkọ́kọ́ wò ó fún bí ìṣẹ́jú márùn-ún, ó ní gíábọ́ọ̀sì gbọ́dọ̀ sọ̀ kalẹ̀, ó sì pe owó tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdajì iye tí a fẹ́ ta mọ́tò náà. Àwọn tó ń ra irin pàǹtí ti ń yọjú lẹ́nu ọ̀nà. Ìwọ̀n ni wọ́n fẹ́ fi ra mọ́tò bàbá mi, bí ẹni ra irin ààtàn.

Kí ni kílọ́ọ̀ṣì gan-an? Òun ló ń já ẹ́ńjìnnì kúrò lára táyà fún ìgbà díẹ̀, kí èèyàn lè pààrọ̀ jíà, tàbí kí mọ́tò dúró kí ẹ́ńjìnnì má kú. Ẹṣin mọ bí wọ́n ṣe ń dúró láìkú. Ẹ́ńjìnnì ò mọ̀ ọ́n. Lọ́dún 1891, ilé-iṣẹ́ Panhard et Levassor ní ilẹ̀ Faransé to mọ́tò báyìí: ẹ́ńjìnnì níwájú, kílọ́ọ̀ṣì tẹ̀lé e, jíà tẹ̀lé kílọ́ọ̀ṣì, táyà ẹ̀yìn ló sì ń ti mọ́tò lọ. Ètò yẹn náà ló wà nínú 504 wa. Wọ́n ní Émile Levassor fúnra rẹ̀ sọ nípa jíà rẹ̀ pé ó ya ẹhànnà, ṣùgbọ́n ó ń ṣiṣẹ́. Ní oṣù kẹfà ọdún 1895, ọkùnrin yìí wa mọ́tò láti Paris dé Bordeaux, ó sì wà á padà, ó lé ní 1,100 kìlómítà, nǹkan bí wákàtí 48. Òun ló kọ́kọ́ dé, wọn ò sì fún un ní ẹ̀bùn kìíní, nítorí pé èèyàn méjì péré ni mọ́tò rẹ̀ ń gbà. (Ẹ ò rí i pé òfin àwọn onídìíje ti le láti ọjọ́ yẹn.)

Kílọ́ọ̀ṣì àwọn mọ́tò ayé ìgbà náà, irin tó rí bí àrọ ni, wọ́n á fi awọ bò ó, á wá kó sínú ihò irin ńlá tí ẹ́ńjìnnì ń yí. Tí awọ náà bá gbẹ, á gbá mọ́ irin lójijì, mọ́tò á fò bí ọ̀bọ. Tí ọ́ìlì bá kàn án, á máa yọ̀. Òróró lárà ni àwọn awakọ̀ máa ń fi pa awọ náà kó lè rọ̀. Lárà tiwa yìí kẹ̀, ewé tó wà nínú àgbo! Nígbà tó yá ni Herbert Frood ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tó rí i pé àwọn oníkẹ̀kẹ́-ẹrù ń fi bàtà àlòkù sí bíréèkì wọn, bẹ̀rẹ̀ sí í wá ohun tó dára ju awọ lọ. Ọdún 1897 ló dá iṣẹ́ rẹ̀ sílẹ̀, òun ni Ferodo. Lẹ́yìn náà ni àwo pẹlẹbẹ gba ipò àrọ, irin méjì á fún un láàárín. Nígbà tó pẹ́ sí i, wọ́n fi ọ́ìlì inú páìpù rọ́pò wáyà àti irin tó máa ń so pẹ́dà mọ́ kílọ́ọ̀ṣì. Ohun tí mo wá rí ni pé ìgbà kọ̀ọ̀kan fi àìsàn tirẹ̀ sílẹ̀. Kílọ́ọ̀ṣì tó bá há, ìbéèrè àkọ́kọ́ ni pé àìsàn ìgbà wo ló ń ṣe é: ti àwo ni, àbí ti ọ́ìlì?

Ẹnì kan á ní, kí ló kan 504 pẹ̀lú mọ́tò eré? Mọ́tò ọ̀gá ìjọba àtijọ́ kọ́ ni, àbí tàkísí tó ń ná ọ̀nà jíjìn? Ẹ gbọ́ o. Ní oṣù kẹta ọdún 1975 ni ilé-iṣẹ́ tó ń to Peugeot ní Kàdúná bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ní ìparí oṣù kan náà, Ove Andersson fi 504 gba ipò kìíní nínú ìdíje Safari ní ìlà-oòrùn Áfíríkà, nínú ẹrẹ̀ àti eruku tó ti sọ ọ̀pọ̀ mọ́tò di àpatì. Lọ́dún 1978, Jean-Pierre Nicolas tún fi 504 gbà á. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀, 404, ti gba ìdíje yẹn ní 1963, 1966, 1967 àti 1968. Ọdún 1963 àti 1968, mọ́tò méje péré ló parí eré náà! Irú ẹ̀jẹ̀ bẹ́ẹ̀ ló wà lára ohun tí wọ́n fẹ́ fi ìwọ̀n rà lọ́wọ́ wa.

Àdúgbò kejì ni mo ti lọ bẹ bàbá àgbàlagbà kan tí gbogbo èèyàn ń pè ní Bàbá Pijó. Wọ́n dé, wọn ò mú sípánà lọ́wọ́ rárá.

"Yunifásítì," (orúkọ tí wọ́n sọ mí nìyẹn) "ta ló sọ fún yín pé gíábọ́ọ̀sì ló bàjẹ́?"

"Bàbá, mẹkáníìkì tó wá lánàá ni."

"Ó wọ abẹ́ rẹ̀?"

"Rárá, sà."

Wọ́n tẹ́ páálí sílẹ̀, wọ́n wọ abẹ́ mọ́tò, wọ́n ní kí n máa tẹ pẹ́dà, kí n má tíì jí ẹ́ńjìnnì. Ọ̀nà méjì ni ọ́ìlì kílọ́ọ̀ṣì ń gbà ṣiṣẹ́: ọ́pà wà lókè lẹ́yìn pẹ́dà, lówà wà nísàlẹ̀ lára gíábọ́ọ̀sì. Tí irin lówà bá rìn dáadáa, tí jíà sì ń han síbẹ̀, inú ni àìsàn wà. Tí kò bá rìn tó, ọ̀rọ̀ ọ́ìlì ni. Tiwa rìn díẹ̀, ó dúró síbẹ̀, kò padà. Bàbá ní kí ọmọ iṣẹ́ wọn gbé sípánà wá, wọ́n tú ihò kékeré tó wà lára lówà. Ọ́ìlì ta jáde, irin náà sì padà wéré.

"Lówà ò há," ni wọ́n wí. "Òkè ni kò jẹ́ kí ọ́ìlì padà."

Wọ́n tú ọ́pà. Rọ́bà inú rẹ̀ wú bí gààrí tó mumi yó. Bàbá fi ìka kan ọ́ìlì náà, wọ́n gbóòórùn rẹ̀, ojú wọn yí padà. "Ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì rèé. Ta ló bu ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì síbí?"

Mo dákẹ́. Màmá mi ń wò mí láti ẹnu ilẹ̀kùn.

Èmi ni. Lọ́dún 2021, mo ṣí iwájú mọ́tò bí ẹni tó mọ nǹkan, mo rí i pé ọ́ìlì inú igò kékeré náà ti lọ sílẹ̀, mo sì bu ohun tó kù nínú gálọ́ọ̀nù bàbá mi sí i. Mo rò pé mò ń tọ́jú rẹ̀ ni. Ọ́ìlì bíréèkì nìkan ni wọ́n ń lò níbẹ̀, òun ni wọ́n ṣe rọ́bà yẹn fún; ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì máa ń mú un wú ni. Ọ́ìlì bíréèkì náà ní ìṣòro tirẹ̀ o. Ó máa ń fa omi inú afẹ́fẹ́ mu. Tí eré bá le, tí ohun gbogbo gbóná, omi náà á hó, pẹ́dà á sì wọlẹ̀ lẹ́sẹ̀ awakọ̀. Ìdí nìyẹn tí àwọn eléré fi ń pààrọ̀ rẹ̀ lemọ́lemọ́.

A pààrọ̀ rọ́bà òkè àti tìsàlẹ̀, a pààrọ̀ páìpù rọ́bà, a fi ọ́ìlì bíréèkì tuntun fọ ọ̀nà náà títí ó fi mọ́, Bàbá sì ní kí a fọ ti bíréèkì gan-an pẹ̀lú. A yọ afẹ́fẹ́ inú rẹ̀. Pẹ́dà padà sókè. Mo jí ẹ́ńjìnnì, mo ki jíà bọ̀ ọ́, ó tún han.

Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ sunkún. Bàbá rẹ́rìn-ín. Irin lówà ti ń rìn tán báyìí, nítorí náà inú ni èyí wà: àwo ti dípẹtà mọ́ irin ẹ́ńjìnnì láti inú òjò ọdún méjì. Àìsàn tó dàgbà ju ti ọ́ìlì lọ. Síbẹ̀ wọn ò fẹ́ sọ gíábọ́ọ̀sì kalẹ̀. Lára 504, páìpù irin ńlá kan bo ṣáfùtì láti gíábọ́ọ̀sì dé ẹ̀yìn. Ẹni tó bá fẹ́ yọ gíábọ́ọ̀sì gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ tú ìyẹn. Inú tèmi náà dùn, nítorí àwo kílọ́ọ̀ṣì àtijọ́ máa ń ní asbestos nínú, eruku rẹ̀ ń fa àrùn jẹjẹrẹ (ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fòfin dè é lọ́dún 1999), mo sì ti rí ọmọ iṣẹ́ púpọ̀ tó ń fi ẹnu fẹ́ eruku náà dànù.

Wọ́n fi jáàkì gbé ẹ̀yìn mọ́tò, wọ́n gbé e lé irin ìdúró méjì tó nípọn, kì í ṣe búlọ́ọ̀kù o, wọ́n sì fi igi dí táyà iwájú. Wọ́n jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì gbóná, wọ́n pa á. Wọ́n fi jíà kẹrin sí i, wọ́n tẹ kílọ́ọ̀ṣì mọ́lẹ̀, wọ́n jí i. Táyà ẹ̀yìn ń yí fìrìrì lójú òfuurufú. Wọ́n wá fi ẹsẹ̀ kejì tẹ bíréèkì lójijì. Ẹ́ńjìnnì mì, ó fẹ́ kú. Wọ́n tún un ṣe. Ìgbà kẹta, a gbọ́ "gbà!" Táyà dúró sójú kan, ẹ́ńjìnnì ń ké lọ.

Ọjọ́ Sátidé tó tẹ̀lé e ni ẹni tó rà á dé. Ó wà á gun òkè àdúgbò wa, ó wà á sọ̀, ó san iye tí màmá mi pè, ó dín díẹ̀ níbẹ̀. Kí ó tó lọ, mo kọ "Ọ́ìlì bíréèkì nìkan" sórí bébà, mo fi sẹ́lótéèpù lẹ̀ ẹ́ mọ́ igò kékeré náà. Ó bi mí pé ta ni kò mọ ìyẹn. Mo ní àwọn kan wà, sà.