Kílọ́ọ̀dì, Àpá tó ń Wú, àti Ọ̀rọ̀ Stem Cell tí Wọ́n ń Tà fún Wa

Ẹ̀yin mélòó kan ti bi mí nípa ìpara tí wọ́n ní stem cell wà nínú rẹ̀, pé ó ń pa kílọ́ọ̀dì rẹ́. Mo mọ ìdí tí ẹ fi ń béèrè. Obìnrin tó ti ń fi gèlè bo etí láti ọdún mélòó kan, kò sí iye tí wọ́n á pè tí kò ní wá a. Kí n tó dáhùn, ẹ jẹ́ ká padà sẹ́yìn díẹ̀.

Kílọ́ọ̀dì kì í ṣe àìsàn tuntun. Ẹ ti rí i lára etí tí wọ́n lu, lójú gbẹ́rẹ́, láyà ẹni tí eéwo mú, níbi tí wọ́n ti fi iṣẹ́ abẹ gbẹ̀bí. Ọgbẹ́ á jinná, ṣùgbọ́n àpá rẹ̀ kò ní dúró. Á máa wú, á máa yún, á sì kọjá ààlà ibi tí ọgbẹ́ náà wà tẹ́lẹ̀. Kíkọjá ààlà yẹn la fi ń mọ̀ ọ́n yàtọ̀ sí àpá tó kàn yọ sókè lásán. Ní 1806, Alibert, dókítà ilé ìwòsàn Saint-Louis ní Páríìsì, kọ nípa rẹ̀. Ó kọ́kọ́ fi orúkọ tó jọ ti jẹjẹrẹ pè é. Nígbà tó yá, ó sọ ọ́ ní orúkọ tó wá láti inú ọ̀rọ̀ Gíríìkì fún ọwọ́ akàn, nítorí bó ṣe ń na ọwọ́ sí ara tó dáa. Kì í ṣe jẹjẹrẹ o.

Ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé òyìnbó ló kọ́kọ́ rí i. Ní 1973, dókítà P. Omo-Dare kọ̀wé nínú ìwé àwọn dókítà aláwọ̀ dúdú ní Amẹ́ríkà nípa ohun tí àwa Yorùbá ti mọ̀ lórí kílọ́ọ̀dì. Àwa tí à ń kọlà, tí à ń sín gbẹ́rẹ́, báwo la ò ṣe ní mọ̀ ọ́n? Kódà, ìwádìí kan tí wọ́n gbé jáde ní Amẹ́ríkà ní 2005 fi hàn pé àwọn tí wọ́n lu etí wọn láti ọmọ ọdún 11 sókè ló ń ní kílọ́ọ̀dì ju àwọn tí wọ́n lu tiwọn ṣáájú lọ. Ìyá àgbà tó ní kí ẹ lu etí ọmọ ní kékeré kò ṣì sọ.

Bíbẹ́ ẹ lásán ló ń bà mí nínú jẹ́ jù. Nínú awọ wa, àwọn sẹ́ẹ̀lì kan wà tó ń hun okùn collagen láti fi dí ojú ọgbẹ́. Nínú kílọ́ọ̀dì, ńṣe ló dà bíi pé wọn kò gbọ́ pé iṣẹ́ ti parí. Wọ́n ń hun ún lọ. Ẹni tó bá gé e tí kò fi ìtọ́jú mìíràn tì í, ọgbẹ́ tuntun ló fún wọn láti hun. Àwọn ìwé ìṣègùn sọ pé nínú 100 tí wọ́n bá gé báyẹn, ó kéré tán bíi 45 ló máa padà, ó sì lè jẹ́ gbogbo wọn.

Ibi tí stem cell ti wọ ọ̀rọ̀ yìí nìyẹn. Ẹ fi í wé ọmọ tí kò tíì yan iṣẹ́ tó fẹ́ kọ́: ó lè di eegun, ó lè di ọ̀rá. Láti àwọn ọdún 1960 ni Alexander Friedenstein àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Rọ́ṣíà ti ń rí irú rẹ̀ nínú mùdùnmúdùn eegun. Ní 1991, Arnold Caplan ní Amẹ́ríkà fún un ní orúkọ tí wọ́n ń pè é títí dòní. Ní 2001, àwọn olùwádìí ní Los Angeles rí i nínú ọ̀rá tí wọ́n fà jáde lára ènìyàn. Ọ̀rá tí wọ́n ń dà nù! Ohun tó wá ya àwọn olùwádìí lẹ́nu ni pé iṣẹ́ rẹ̀ tó tóbi jù lójú ọgbẹ́ kì í ṣe kó di awọ tuntun. Ó ń tú àwọn èròjà kan jáde tó ń pẹ̀tù sí ibi tó wú, tó ń mú kí àwọn sẹ́ẹ̀lì ahunṣọ yẹn rọra. Lára eku àti létí ehoro, ó ti dín àpá kù. Àmọ́ ẹranko kì í ní kílọ́ọ̀dì bíi tiwa, ìwádìí lára ènìyàn ṣì kéré, kò sì tíì di ìtọ́jú kílọ́ọ̀dì tí wọ́n fọwọ́ sí.

Ìpara inú ike ńkọ́? Sẹ́ẹ̀lì tó wà láàyè kò lè gbé inú ike lórí àtẹ, nínú oòrùn ọjà. Ọ̀pọ̀ ìpara tí wọ́n kọ stem cell sí lára, ara èso bíi ápù ni wọ́n ti mú un. Èyí tí wọ́n ń gún lábẹ́rẹ́ ló tún burú jù. Ní 2017, àwọn dókítà kọ̀wé nípa obìnrin mẹ́ta kan ní Florida tí wọ́n fa ọ̀rá lára wọn, tí wọ́n sì gún ohun tí wọ́n yọ nínú rẹ̀ sí ojú wọn méjèèjì, pé stem cell ni. Ìríran àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bàjẹ́ gan-an. Owó ńlá ni wọ́n san fún un.

Ohun tó wà nílẹ̀ lónìí ni abẹ́rẹ́ stẹ́rọ́ìdì tí wọ́n ń gún sínú kílọ́ọ̀dì fúnra rẹ̀, tí wọ́n á tún gún lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Sílíkóònù tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ àpá fún oṣù púpọ̀. Yẹtí tó ń fún etí pọ̀ lẹ́yìn tí wọ́n bá gé e. Àti ìtànṣán lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ, níbi tí wọ́n bá ti ní ẹ̀rọ rẹ̀. Ó gba sùúrù, ó sì lè padà, ṣùgbọ́n a mọ ohun tó ń ṣe. Ẹni tí òun tàbí ẹbí rẹ̀ bá ti ní in rí, kó sọ fún dókítà kí wọ́n tó fi abẹ kàn án, pàápàá aláboyún.

Tí wọ́n bá fi ìpara náà lọ̀ yín, ẹ ya fọ́tò ẹ̀yìn ike rẹ̀ ránṣẹ́ sí mi kí ẹ tó sanwó.